Títún Ìwé Èsì Ṣe Láìsí Excel Nínú Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Kan fún Gbogbo Ẹni tí Ń Tọ́jú Àkọsílẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sínú ìwé àjọ̀dún yìí jẹ mọ́ ohun kan tí gbogbo yín ti dì mú rí, èyíinì ni èsì ìdánwò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín wà lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì, olùkọ́ ni ó ń fi rúlà fa ìlà sí ojú ìwé fífẹ̀, tí ó ń fi bírò kọ máàkì sí i, tí ó sì ń ro àròpọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lónìí, inú fáìlì Excel ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ ọ́ sí. Ìyípadà náà dára, ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè kan dání. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá tó ogójì, tí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì kò sì ní Excel nínú, ọ̀nà wo ni a lè gbà tún wọn ṣe, tí máàkì ọmọ kankan kò fi ní sọnù tàbí kí ó bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn?

Ìdáhùn wa ni pé ọ̀nà wà, kò sì le kọjá ohun tí ọmọ kíláàsì àgbà lè kọ́. Àmọ́ ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí ti gba iṣẹ́ ìṣọ́ra tí Excel ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun méjèèjì yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Kí Ni Fáìlì Excel?

Ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà jẹ́ ìwé tí a pín sí ìlà tí ó lọ láti òsì sí ọ̀tún, àti òpó tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ibi tí ìlà àti òpó bá ti pàdé ni a óò máa pè ní àpótí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: èyí tí ó wà ní òpó C, ní ìlà 5, ni C5. A lè kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, a lè kọ nọ́ńbà, a sì lè kọ fọ́múlà, tí í ṣe àṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ohun tí ó wà nínú àwọn àpótí mìíràn.

Excel kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà fún kọ̀ǹpútà Apple II. Lotus 1-2-3 tẹ̀ lé e ní 1983. Microsoft gbé Excel jáde fún Macintosh ní 1985, ó sì dé orí Windows ní 1987. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí Excel ń gbà kọ fáìlì rẹ̀ ṣòro fún ètò kọ̀ǹpútà mìíràn láti kà. Irú fáìlì àtijọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xls.

Láti ìgbà Office 2007 ni irú tuntun ti dé, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xlsx. Àjọ Ecma International fọwọ́ sí ìlànà tí a fi ń kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, wọ́n sì pe ìlànà náà ní ECMA-376. Ní 2008, ó di ìlànà àgbáyé tí a mọ̀ sí ISO/IEC 29500. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé a ti kọ ọ̀nà ìkọsílẹ̀ fáìlì náà síta ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó sì ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣí i.

Ohun tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Fáìlì .xlsx jẹ́ àpò zip. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà ọ̀kan, tí ẹ yí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà padà sí .zip, tí ẹ sì tú u, ẹ óò bá àwọn fáìlì kéékèèké nínú rẹ̀. Ọ̀kan, tí ó ń jẹ́ workbook.xml, ni ó to orúkọ àwọn ojú-ìwé. Òmíràn, bíi sheet1.xml, ni ó ru ohun tí a kọ sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Styles.xml ni ó mọ àwọ̀, ìrísí lẹ́tà àti bí nọ́ńbà yóò ṣe hàn. SharedStrings.xml sì ni àkójọ àwọn ọ̀rọ̀.

Bí ọmọ kan bá gba 27 nínú iṣẹ́ àárín sáà, tí a sì kọ ọ́ sí àpótí C2, ohun tí ẹ óò rí nínú sheet1.xml ni:

<c r="C2"><v>27</v></c>

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò farasin: àpótí C2, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni 27. Ní ti ọ̀rọ̀, bí orúkọ ọmọ, Excel sábà máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú sharedStrings.xml, yóò sì fi nọ́ńbà ipò rẹ̀ sí ojú-ìwé. Láti òdo ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí ka ipò náà. Ní ti fọ́múlà, ohun méjì ni ó ń kọ: fọ́múlà fúnra rẹ̀, àti ìdáhùn tí ó rí nígbà tí ó ṣe ìṣirò náà kẹ́yìn. Ẹ fi ti fọ́múlà yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ìdí tí A Fi Lè Fẹ́ Ṣe É Láìsí Excel

Ìdí àkọ́kọ́ ni owó, nítorí a sábà máa ń sanwó kí a tó lè fi Excel sínú kọ̀ǹpútà, àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux kò sì ní in. Ìdí kejì ni pípọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí yóò ṣí fáìlì ogójì, tí yóò ṣe ohun kan náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ogún, àárẹ̀ ni ó sì ń bí àṣìṣe. Ìdí kẹta ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ń wáyé lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kì í jókòó sí iwájú rẹ̀, bí irú èyí tí àwọn òbí ti ń gba èsì ọmọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò dámọ̀ràn kí a máa fi ètò darí Excel lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, nítorí Excel lè gbé ìbéèrè kan sí ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì máa dúró de ẹni tí yóò dá a lóhùn, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sì sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àwọn irinṣẹ́ tí a lè fi ṣe iṣẹ́ yìí wà, a kò sì ń sanwó fún wọn. Fún àwọn tí ń lo èdè Python, openpyxl ni ó wọ́pọ̀. Àwọn tí ń lo Java ní Apache POI, àwọn tí ń lo PHP sì ní PhpSpreadsheet. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí àpò zip náà, ó ń ka àwọn fáìlì kéékèèké inú rẹ̀, ó ń yí ohun tí a ní kí ó yí padà, ó sì ń di àpò náà padà.

Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé èsì kíláàsì kan. Ìlà kìíní ni àkọlé. Òpó kìíní ni nọ́ńbà ìwọlé ọmọ, èkejì ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀kẹta ni máàkì iṣẹ́ àárín sáà, ẹ̀kẹrin ni máàkì ìdánwò, ẹ̀karùn-ún sì ni àròpọ̀ tí a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ. Èyí ni ètò tí yóò ṣe é ní Python:

from openpyxl import load_workbook

iwe = load_workbook("esi.xlsx")
oju = iwe["JSS1"]

for ila in range(2, oju.max_row + 1):
    if oju.cell(ila, 1).value is None:
        continue
    ise = oju.cell(ila, 3).value
    idanwo = oju.cell(ila, 4).value
    if isinstance(ise, (int, float)) and isinstance(idanwo, (int, float)):
        oju.cell(ila, 5).value = ise + idanwo
    else:
        oju.cell(ila, 5).value = "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò"

iwe.save("esi_tuntun.xlsx")

Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ mú irinṣẹ́ jáde. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ṣí ìwé náà, lẹ́yìn náà a mú ojú-ìwé tí ó ń jẹ́ JSS1. Láti ìlà kejì títí dé ìlà ìkẹyìn, ètò náà ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan kò bá ní nọ́ńbà ìwọlé, ó ń fò ó, nítorí ìlà òfìfo lè wà ní ìsàlẹ̀. Bí máàkì méjèèjì bá jẹ́ nọ́ńbà lóòótọ́, ó ń ro wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan kò bá jẹ́ nọ́ńbà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí yóò pe olùkọ́ padà wá wò ó. Ní ìparí, orúkọ tuntun ni ó fi tọ́jú iṣẹ́ náà. Ìwé àkọ́kọ́ kò yí padà.

Ètò kan náà, pẹ̀lú ìlà díẹ̀ sí i, lè gba inú gbogbo fáìlì ogójì kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Òfìfo Kì Í Ṣe Òdo

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù nínú ètò yẹn ni ìbéèrè tí ó ń béèrè kí ó tó ro àròpọ̀. Bí a bá ní ọmọ kan ṣàìsàn ní ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ lè fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí ó kọ ABS sí i. Bí a bá lo fọ́múlà SUM nínú Excel, SUM yóò fo àpótí òfìfo àti ọ̀rọ̀, yóò sì ka ìyókù. Ọmọ tí ó ní 27 nínú iṣẹ́ àárín sáà yóò gba àròpọ̀ 27, kò sì sí àmì kankan tí yóò fi hàn pé kò ṣe ìdánwò. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rò pé ọmọ náà jókòó, kò sì mọ nǹkan kan. Ètò tí a kọ yìí kọ̀ láti gboju lé ohun tí kò mọ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ènìyàn.

Ewu mìíràn ni nọ́ńbà tí a kọ bí ọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ kan bá tẹ 25 àti 60 lọ́nà tí Excel fi tọ́jú méjèèjì bí ọ̀rọ̀, tí ètò kan sì rò wọ́n pọ̀ láìbéèrè, Python yóò kàn so wọ́n mọ́ra ni: ìdáhùn yóò di 2560. Èyí hàn gbangba, a óò sì tètè rí i. Àwọn tí kò hàn ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Ta Ni Ó Ni Máàkì?

Nígbà tí a bá ń kó máàkì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mẹ́wàá jọ sínú ìwé kan, ó ṣe pàtàkì kí a mọ ohun tí a fi ń dá ọmọ mọ̀. Bí a bá lo ipò ìlà, tí olùkọ́ kan sì fo ọmọ kan, gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò gba máàkì ẹlòmíràn. Bí a bá lo orúkọ, Táíwò méjì lè wà nínú kíláàsì kan.

Orúkọ Yorùbá tún ní ìṣòro kan tí ojú kò lè rí. A lè tẹ lẹ́tà bí ẹ tàbí ọ ní ọ̀nà méjì: bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí bí e tàbí o lásán tí a fi àmì kún. Lójú ènìyàn, Ọlá àti Ọlá ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́, yóò sì sọ pé òun kò rí ọmọ náà. Python ní irinṣẹ́ kan, unicodedata, tí ó lè sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Àmọ́ nọ́ńbà ìwọlé ni ó dára jù láti fi dá ọmọ mọ̀.

Nọ́ńbà ìwọlé náà sì ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 0047 sínú àpótí Excel lásán, yóò di 47, nítorí òdo tí ó ṣáájú nọ́ńbà kò ní ìtumọ̀ nínú ìṣirò. Bákan náà ni òdo tí ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù òbí ṣe ń sọnù. Ohun tí a kò ní fi ṣe ìṣirò láé, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìbí ń kọ́? Nọ́ńbà ni Excel fi ń tọ́jú ọjọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900 ni 1, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2000 sì ni 36526. Nínú ìkà yìí, ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1900 wà, bẹ́ẹ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí rí nínú kàlẹ́ńdà. Láti inú Lotus 1-2-3 ni Excel ti jogún àṣìṣe náà, kí fáìlì àwọn méjèèjì lè bára mu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí openpyxl fúnra rẹ̀ yí nọ́ńbà ọjọ́ padà sí ọjọ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kà á.

Ohun tí Irinṣẹ́ Náà Kò Lè Ṣe

A sọ pé a óò padà sí ọ̀rọ̀ fọ́múlà. Openpyxl lè kọ fọ́múlà sínú àpótí, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá kọ =SUM(C2:D2) sí i, tí ẹ tọ́jú fáìlì náà, tí ẹ sì ní kí ó ka ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, òfìfo ni ẹ óò bá, nítorí ètò kankan kò tíì ṣe ìṣirò náà. Ọ̀nà méjì ni ó wà. A lè jẹ́ kí Python fúnra rẹ̀ ro àròpọ̀, bí a ti ṣe nínú àpẹẹrẹ wa. A sì lè fi LibreOffice, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣí fáìlì náà kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀. LibreOffice lè ṣiṣẹ́ láìgbé ojú-ewé kankan sí iwájú ènìyàn, ó sì lè sọ fáìlì èsì di PDF.

Openpyxl kì í ka gbogbo ohun tí ó lè wà nínú fáìlì Excel. Àwòrán àfọwọ́yà bí àpótí ọ̀rọ̀ tàbí ọfà lè sọnù bí a bá ṣí fáìlì tí a sì tọ́jú rẹ̀ padà sí orúkọ kan náà. Kì í ṣí irú fáìlì .xls àtijọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó yẹ kí àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti ti ojú-ìwé pa nínú Excel, ẹnikẹ́ni kò lè yí máàkì inú rẹ̀ padà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títì yẹn kàn ń dènà kí ọwọ́ má ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ ni. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí a kọ sókè yìí lè ṣí àpò zip náà, kí ó sì yọ àmì títì náà kúrò. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi dí gbogbo fáìlì kí ó má ṣeé ṣí, ìyẹn yàtọ̀, nítorí ó ń sọ gbogbo inú fáìlì di àdììtú. Bí ẹ bá fẹ́ dáàbò bo èsì, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ England

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nǹkan kékeré ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ England ní ọdún 2020, nígbà àrùn COVID-19. Àjọ Public Health England ń gba àkọsílẹ̀ àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà láti àwọn ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ń kó o sínú fáìlì .xls àtijọ́. Irú fáìlì yẹn kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, nígbà tí .xlsx lè gba 1,048,576. Nígbà tí ìlà kún, ìyókù kò wọlé mọ́, a kò sì tètè mọ̀. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, orúkọ ènìyàn 15,841 kò sí nínú iye tí a ń kéde. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí gba èsì tiwọn, ṣùgbọ́n a pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn tí wọ́n ti bá pàdé, tí ó yẹ kí a kìlọ̀ fún.

Kíka iye ìlà tí ó wọlé àti iye tí ó jáde ìbá ti fi àṣìṣe náà hàn ní ọjọ́ kìíní.

Ìlànà Márùn-ún

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá fi ètò tún ìwé ṣe, ìbáà jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé iṣẹ́, ìlànà márùn-ún nìyí:

1. Má ṣe tọ́jú iṣẹ́ tuntun sórí ìwé àkọ́kọ́. Fún un ní orúkọ mìíràn.
2. Ka iye ọmọ kí o tó bẹ̀rẹ̀, sì tún kà á nígbà tí o bá parí. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, dúró.
3. Mú ọmọ bíi márùn-ún, fi bírò ro àròpọ̀ wọn, kí o sì fi wé ti kọ̀ǹpútà. Jẹ́ kí ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò pé wà lára wọn.
4. Níbi tí ohun kan kò bá dájú, jẹ́ kí ètò náà sọ ọ́ jáde. Kò gbọdọ̀ fi òdo dí i.
5. Jẹ́ kí ẹnìkan tí kì í ṣe ẹni tí ó kọ ètò náà yẹ iṣẹ́ náà wò, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin òbí, bí èsì ọmọ yín kò bá yé yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí a ṣe ro ó àti ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdáhùn pé kọ̀ǹpútà ni ó ṣe é kò tó. Ohun tí ènìyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ni ó ń ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ wá kọ́ àwọn àbúrò yín ní kíláàsì. Wákàtí díẹ̀ tí ẹ bá lò pẹ̀lú wọn lè mú kí ọ̀nà iṣẹ́ kan là fún ọmọ kan.

Kí Olúwa fi òtítọ́ àti ìṣọ́ra sí ọwọ́ gbogbo ẹni tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wa.

Ìbéèrè fún Àṣàrò

1. Kí ni ó mú kí ó ṣeé ṣe fún irinṣẹ́ tí kì í ṣe Excel láti ka fáìlì .xlsx?
2. Kí nìdí tí àpótí òfìfo àti òdo kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ohun kan náà nínú ìwé èsì?
3. Àǹfààní wo ni ó wà nínú fífi nọ́ńbà ìwọlé dá ọmọ mọ̀ dípò orúkọ rẹ̀?
4. Nínú ìlànà márùn-ún tí a kà sílẹ̀, èwo ni ìbá ti fi àṣìṣe ti ilẹ̀ England hàn kíákíá?